Ọwọ́ Tí Owó Ń Gbà Kọjá: Ìtàn George Müller, Baba Àwọn Ọmọ Aláìlóbìí

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn àgbà ìjọ, pàápàá nígbà tí a bá ń kọ́ ilé Ọlọ́run lọ́wọ́, tàbí tí ìkórè bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kì í dá rìn. Ẹni tó ń wà á ni yóò sọ bóyá ilé Olúwa ni yóò gúnlẹ̀ sí, tàbí inú kòtò. Nítorí náà, bí a ti ń kí gbogbo ọmọ ìjọ kú àjọ̀dún, tí a sì ń kí àwọn ìjọ tó wá bá wa yọ̀ káàbọ̀, a rò pé yóò dára kí a fi ìtàn ọkùnrin kan tí owó kò gbé ṣubú sínú ìwé yìí. George Müller ni orúkọ rẹ̀. Òyìnbó ni, ó sì ti sùn nínú Olúwa láti ọdún 1898, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ìtàn rẹ̀ dé òpin, ẹ ó rí i pé aládùúrà pọ́ńbélé ni.

ÈWE RẸ̀

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù September, ọdún 1805, ni a bí i ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Kroppenstedt, ní ilẹ̀ Prussia, tí ó wà lára ilẹ̀ Jámánì ti òde òní. Agbowó-orí ìjọba ni baba rẹ̀. Owó ìjọba a máa wà nínú ilé wọn, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kí George tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ó ti ń jí nínú rẹ̀. Baba ṣàkíyèsí pé owó ń dín. Ní ọjọ́ kan ó dọ́gbọ́n, ó ka iye kan sílẹ̀ nínú yàrá tí ọmọ náà wà, ó sì jáde. Nígbà tí ó padà dé, iye náà kò pé mọ́. Wọ́n tú ara ọmọ fínnífínní, abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú bàtà ni wọ́n ti bá owó!

Ìyà tí ó jẹ kò kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ní òru tí ìyá ń kú lọ, ìdí káàdì ni ọmọ wà títí di aago méjì òru, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ara ìyá òun kò yá. Nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ìdí ọtí ló tún gbà lọ. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ń gbé ní hòtẹ́ẹ̀lì bí ọmọ ọlọ́rọ̀, kò sì ní owó tí yóò san. Wọ́n mú un, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní ìlú Wolfenbüttel, láti oṣù December 1821 títí di January 1822, kí baba rẹ̀ tó fi owó ránṣẹ́ láti gbà á sílẹ̀.

Ìwà yìí bá a dé ilé-ìwé ní Nordhausen. Baba fi owó ránṣẹ́ sí i, ó fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ná an tán. Kí ló ṣe? Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ já àgádágodo àpótí rẹ̀, ó sáré tọ ọ̀gá ilé-ìwé lọ, ó ní olè ti jà òun. Àánú ṣe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n dá owó fún un. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà borí. Lójú ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn bí a ti ń bá ìtàn lọ, kí ẹ lè rí ohun tí oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run lè ṣe.

BÍ OLÚWA ṢE MÚ UN

Baba rẹ̀ fẹ́ kí ó di àlùfáà. Kì í ṣe nítorí ọkàn àwọn ènìyàn o; ó mọ̀ pé oúnjẹ wà nídìí iṣẹ́ náà, òun náà yóò sì rí ilé fẹ̀yìn tì ní ọjọ́ ogbó. Báyìí ni George ṣe dé Yunifásítì Halle ní ọdún 1825, tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì, tí ó sì ń mutí.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù November ọdún náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sí ìpàdé àdúrà nínú ilé onígbàgbọ́ kan. Kò sí àga ọlọ́lá níbẹ̀, kò sí dùùrù ńlá. Ohun tí ó mú un lọ́kàn ni pé ọkùnrin kan kúnlẹ̀, ó sì ń gbàdúrà. George kò tíì rí ẹni tó kúnlẹ̀ gbàdúrà rí láti ìgbà tí a ti bí i! Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ayé rẹ̀ ti yí padà. Ẹ̀yin ará, ẹ má fojú kékeré wo ìkúnlẹ̀ yín. Ẹ kò mọ ẹni tó ń wò yín.

Kò pẹ́ tí ó sọ fún baba rẹ̀ pé iṣẹ́ míṣọ́nárì ni òun fẹ́ ṣe. Inú bí baba gidigidi. George wá rò ó pé bí òun kò bá ní ṣe ohun tí baba fẹ́, kò tọ́ kí òun máa gba owó baba mọ́. Ẹni tó ń jí owó baba rẹ̀ lánàá ni kò fẹ́ gba èyí tí baba ìbá fún un mọ́ lónìí. Ó gbàdúrà. Láìpẹ́, àwọn ará Amẹ́ríkà kan tó wà ní Halle ń wá ẹni tí yóò kọ́ wọn ní èdè Jámánì, òun ni wọ́n sì mú, wọ́n san owó tó tó o ná, tó sì ṣẹ́ kù.

Ní ìlú Halle yìí kan náà, ó gbé fún ìgbà díẹ̀ nínú ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tí àlùfáà kan tí ń jẹ́ August Hermann Francke dá sílẹ̀ nípa àdúrà. Francke ti kú láti ọdún 1727, ṣùgbọ́n ilé náà ṣì dúró digbí. Müller kò gbàgbé ohun tí ó rí.

Ó KỌ OWÓ OṢÙ SÍLẸ̀

Ní ọdún 1829 ó dé London. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ìjọ kékeré kan ní Teignmouth, létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi í ṣe olùṣọ́-àgùntàn wọn. Ní oṣù October 1830 ó gbé Mary Groves níyàwó, nínú oṣù náà sì ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi ohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ní gba owó oṣù mọ́. 55 pọ́n-ùn lọ́dún ni owó náà.

Kí ló dé? Ní ayé ìgbà náà, àwọn ènìyàn a máa sanwó ìjókòó nínú ilé ìsìn, nínú owó yìí ni wọ́n sì ti ń san owó olùṣọ́-àgùntàn. Olówó a jókòó níwájú, tálákà a wà lẹ́yìn. Müller ka ohun tí Jákọ́bù Àpọ́sítélì kọ nípa ojúsàájú sí olówó, kò sì lè fara mọ́ ọn mọ́. Wọ́n fi àpótí kan sínú ilé ìsìn, ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan sí i kí ó fi sí i, láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ kíyè sí i pé ìyàwó ilé kò dá ọkọ dúró. Bí Mary bá ní rárá, a kì bá tí ní ìtàn tí a ń sọ yìí.

Ní ọdún 1832 wọ́n kó lọ sí Bristol pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, Henry Craik, wọ́n sì jọ ń bójú tó ìjọ níbẹ̀. Ọdún náà ni àrùn onígbáméjì jà ní ìlú náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà ní ìgboro tí kò ní baba, tí kò ní ìyá.

SHÍLÈ KAN ÀKỌ́KỌ́

Àánú àwọn ọmọ ń ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà. Nínú ìjọ rẹ̀ ni ọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́rìnlá sí mẹ́rìndínlógún lójúmọ́, ara rẹ̀ ń gbẹ, ẹ̀mí rẹ̀ ń gbẹ, kò ráyè gbàdúrà, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá dín iṣẹ́ kù, ebi yóò pa ìdílé òun. Müller rò ó pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó irú àwọn báyìí. Wọ́n nílò ohun tí wọn yóò fi ojú rí. Bí tálákà bí òun bá lè bọ́ ọmọ aláìlóbìí nípa àdúrà nìkan, láìtọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, gbogbo onígbàgbọ́ yóò mọ̀ pé Ọlọ́run ṣì wà láàyè.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù December 1835, ó ń ka Orin Dáfídì 81, ẹsẹ kẹwàá sì gún un lọ́kàn, níbi tí Ọlọ́run ti ń rọ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n béèrè ohun ńlá. Ó béèrè ilé, ó béèrè àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ, ó sì béèrè 1,000 pọ́n-ùn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, owó àkọ́kọ́ dé. Mélòó ni? Ṣílè kan péré. Ó gbà á tọpẹ́tọpẹ́. Nígbà tí yóò fi di oṣù June 1837, ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn náà ti pé.

Lára àwọn tó mú owó wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ni obìnrin kan tó ń fi abẹ́rẹ́ ríránṣọ jẹun. Ara rẹ̀ kò le, ohun tó ń rí tó bí ṣílè mẹ́ta àti sísì lọ́sẹ̀, bí a bá pín in dọ́gba. Ogún 480 pọ́n-ùn ṣàdédé kàn án. Baba rẹ̀ ti kú, ó sì fi gbèsè sílẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ti bẹ àwọn tí baba jẹ lówó, wọ́n sì ti gbà láti gba ṣílè márùn-ún lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Kò sí òfin tó tún mú ẹnikẹ́ni mọ́. Síbẹ̀, obìnrin yìí yọ́ lọ san ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù. Ó fún ìyá rẹ̀ ní 100 pọ́n-ùn. Lẹ́yìn náà ló mú 100 pọ́n-ùn wá fún àwọn ọmọ aláìlóbìí. Àyà Müller já. Ó pè é jókòó, ó bi í léèrè bóyá ó ti rò ó dáadáa, kí ó má baà kábàámọ̀ lọ́la. Obìnrin náà kò yẹsẹ̀, ó tún fi 5 pọ́n-ùn lé e fún àwọn tálákà ìjọ. Ẹ wo ètò rẹ̀: ó san gbèsè, ó tọ́jú ìyá rẹ̀, kí ó tó gbé ọrẹ wá síwájú Olúwa.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù April 1836, wọ́n ṣí ilé àkọ́kọ́ ní òpópó Wilson, àyè wà níbẹ̀ fún ọmọbìnrin 30. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ kí ó tó di ìgbà náà. Ní oṣù February, Müller jókòó de àwọn tí yóò wá forúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹyọ ẹnì kan kò yọjú! Ó wá rántí pé òun ti gbàdúrà fún ilé, fún owó, fún òṣìṣẹ́, fún àga àti ìkòkò, òun kò gbàdúrà pé kí Ọlọ́run rán àwọn ọmọ fúnra wọn wá. Ó dojúbolẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

ÌGBÀ Ọ̀WỌ́N

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé owó kàn ń rọ̀ bí òjò. Ní oṣù September 1838, àpótí gbẹ pátápátá. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà ń yọ owó ara wọn sílẹ̀ kí àwọn ọmọ lè jẹun. Nígbà tí kò tún sí ohun tí wọn lè yọ mọ́, obìnrin kan láti London mú 3 pọ́n-ùn, ṣílè 2 àti sísì kan wá. Wọ́n wá gbọ́ pé obìnrin yìí ti wà ní Bristol fún bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, pé ilé tó fara ti ilé àwọn ọmọkùnrin gan-an ni ó wọ̀ sí, tòun towó lọ́wọ́! Ìgbà tí wọ́n ń sunkún àdúrà, ìdáhùn wà lẹ́yìn ògiri. Müller sọ pé èyí ló fi hàn òun pé Ọlọ́run ti fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kàn jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà pẹ́, kí ó lè dán ìgbàgbọ́ wọn wò ni.

Òfin tí ó fi ṣe iṣẹ́ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò yí wọn padà. Kò sọ àìní rẹ̀ fún ènìyàn. Ọlọ́run nìkan ló ń sọ ọ́ fún. Ní òpin ọdún 1841, àkókò ìpàdé ọdọọdún tó, níbi tí ó ti máa ń ka ìṣírò owó fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀wọ́n sì ń bẹ gan-an nígbà náà. Ó sún ìpàdé síwájú, kí ènìyàn má baà rò pé ó ń fi ọgbọ́n tọrọ owó. Kò jẹ gbèsè, ìbáà ṣe ti búrẹ́dì tàbí ti mílíìkì. Bí owó kò bá sí, wọn kì í rà. Bí ó bá sì mọ̀ pé ẹni tó mú ọrẹ wá jẹ gbèsè, kò ní gba ọrẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo kọ́bọ̀ tó wọlé àti èyí tó jáde ni ó ń tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ọdọọdún, ṣùgbọ́n kì í kọ orúkọ ẹni tó mú un wá. Olówó ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn àti opó onísísì kan wà nínú ìwé kan náà láìlórúkọ.

ÒKÈ ASHLEY DOWN

Nígbà tó di ọdún 1845, ilé mẹ́rin ló kún fún ọmọ ní òpópó Wilson. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ariwo ọmọ pọ̀. Müller kò bá wọn jà. Ó gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó kó ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Ọlọ́run, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù December, 1,000 pọ́n-ùn dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ilé tuntun.

Ó rí ilẹ̀ ní Ashley Down, lórí òkè ní ẹ̀yìn ìlú. 200 pọ́n-ùn ni onílẹ̀ ń pè é lórí éékà kan. Ní oṣù February 1846, Müller wá a lọ sílé, kò bá a. Ó wá a lọ sí ọ́fíìsì, kò bá a. Ó rò ó pé bóyá Ọlọ́run ló ń dá òun dúró, ó padà sílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, onílẹ̀ sọ fún un pé oorun dá lójú òun láti aago mẹ́ta òru títí di márùn-ún, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ni òun ń rò ṣáá, òun sì ti pinnu pé 120 pọ́n-ùn ni òun yóò gbà. Ẹ ò rí i bí àdúrà ṣe ń ná ọjà!

Ilé àkọ́kọ́ lórí òkè náà ṣí ní ọdún 1849, ó gba 300 ọmọ. Èkejì ṣí ní 1857, ẹ̀kẹta ní 1862, ẹ̀kẹrin ní 1868, ẹ̀karùn-ún ní 1870. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, àyè wà fún 2,050 ọmọ, owó ìkọ́lé sì lé ní 100,000 pọ́n-ùn. Wọn kò jẹ gbèsè lórí búlọ́ọ̀kù kan. Àwọn ọmọ ń kàwé, wọ́n ń kọ́ṣẹ́. Bí ọmọkùnrin bá tó, wọ́n á fi í sẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọ́n á sì di ẹrù fún un. Àwọn kan nílùú bínú pé wọ́n ń kọ́ ọmọ tálákà ju bó ti yẹ lọ. Müller kò dá wọn lóhùn, ó ń kọ́ wọn lọ.

ÌṢÍRÒ ÌKẸYÌN

Ẹnì kan fi 100 pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí i nígbà kan, pé kí ó fi bẹ̀rẹ̀ àkójọ owó fún ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀, nítorí ọjọ́ ogbó. Ó dúpẹ́, ó sì kọ̀ ọ́. Ẹni náà wá fi 200 pọ́n-ùn ránṣẹ́ fún àwọn ọmọ aláìlóbìí.

Mary ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún 1870. Láti ọdún 1875, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sinmi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìrìn-àjò ìwàásù káàkiri ayé títí di 1892. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù March 1898, ó darí ìpàdé àdúrà bí ó ti máa ń ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Olúwa pè é, ó jẹ́ ẹni ọdún 92. Àwọn ṣọ́ọ̀bù Bristol tì, èrò sì kún ojú ọ̀nà bí wọ́n ti ń gbé e lọ sí ibojì Arnos Vale.

Wọ́n ṣírò. Ọmọ aláìlóbìí tó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ lé ní 10,000. Owó tó wọlé fún gbogbo iṣẹ́ náà, fún àwọn ọmọ, fún ilé-ìwé, fún Bíbélì àti fún àwọn míṣọ́nárì, sún mọ́ mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ pọ́n-ùn. Nínú owó tí àwọn ènìyàn fún òun tìkara rẹ̀, ó fi èyí tó lé ní 81,000 pọ́n-ùn tọrẹ. Kí ló wá fi sílẹ̀ nílé? Àga, ìwé àti owó ọwọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò tó 200 pọ́n-ùn. Ọmọ tó ń fi owó ìjọba pamọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ ni ó ṣe báyìí o!

Ó TÓ KÀN WÁ

Kì í ṣe ohun tí ìtàn yìí ń sọ ni pé kí gbogbo wa kọ owó oṣù sílẹ̀ lọ́la. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni ó ń rí ohun tí yóò fi ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, bí obìnrin aránṣọ yẹn. Ohun tí a rí kọ́ ni pé Ọlọ́run kò ṣaláìní owó. Ọwọ́ ló ń wá, ọwọ́ tí owó lè gbà kọjá tí kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni à ń gba ààwẹ̀ nítorí ìlẹ̀kùn owó, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àbí kí a tún máa fi ìbéèrè kan kún un: bí ó bá dé, ta ni a fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Ẹni tó yá owó nítorí kí wọ́n lè pe orúkọ rẹ̀ sókè ní ọjọ́ ìkórè, tí owó ilé-ìwé ọmọ wà nílẹ̀, kí ó rántí ẹni tó kọ́kọ́ san gbèsè baba rẹ̀. Ẹ̀yin akápò àti akọ̀wé ẹgbẹ́ gbogbo, ìwé ìṣírò tó mọ́ gaara jẹ́ ìsìn, gẹ́gẹ́ bí orin àti ìlù ti jẹ́ ìsìn. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ju ṣílè kan lọ, ṣílè kan ló bẹ̀rẹ̀ ilé márùn-ún Ashley Down. Àwọn opó àti ọmọ aláìlóbìí tí wọ́n jókòó ti wa ní àjọ̀dún yìí kò jìnnà; bóyá àwa gan-an ni ìdáhùn àdúrà wọn tó wà lẹ́yìn ògiri.

Kí Ọlọ́run tó yí ọwọ́ olè padà di ọwọ́ ìríjú bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa, kí ó sì jẹ́ kí ìbùkún náà gba ọwọ́ wa kọjá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní. Àṣèyí ṣàmọ́dún, lágbára Jésù. Àmín.